Ojú Dúdú Lórí Ojú Dúdú: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Bert Williams ní Orí Ìtàgé Broadway, 1896–1922

Ìfáárà

Nínú bébà yìí, a fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ òṣèré adúláwọ̀ kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ní orí ìtàgé Broadway ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Egbert Austin Williams ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n Bert Williams ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Ìlú Nassau ní erékùṣù Bahamas ni a bí i sí ní ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 1874. Àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sí Amẹ́ríkà ní kékeré, ó sì dàgbà ní ìlú Riverside ní ìpínlẹ̀ California. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1922 ni ó kú ní New York, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Òpópónà kan ní ìlú New York ni Broadway í ṣe, ṣùgbọ́n ní ẹnu àwọn òṣèré, ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ju òpópónà lọ. Ó dúró fún àwọn gbọ̀ngàn ìṣeré ńláńlá tí ó wà ní àgbègbè náà, àti fún òkè téńté iṣẹ́ tíátà ní Amẹ́ríkà. Òkè yìí ni Williams gùn. Ọ̀nà tí ó gbà gùn ún ni ó di ọ̀rọ̀: ènìyàn dúdú tí ó fi dúdú kun ojú ara rẹ̀, tí ó sì ń ṣe bí òmùgọ̀ adúláwọ̀ kí òyìnbó lè rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ti torí èyí pè é ní ẹni tí ó ta ìran rẹ̀ lọ́pọ̀. Àwọn mìíràn sọ pé òun ni ó la ọ̀nà tí gbogbo àwọn tí ó tẹ̀ lé e gbà kọjá. Èrò tiwa ni pé ìdájọ́ méjèèjì yára jù. Kí a tó lè mọ irú òṣèré tí ó jẹ́, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ láti yàn, àti ohun tí a ti yàn fún un kí ó tó dé orí ìtàgé rárá.

Ẹni tí ó bá béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ̀bi. Ìdáhùn wa pín sí méjì. Èkíní, orúkọ Dàhòmì, aládùúgbò wa, ni eré tí ó ṣí ilẹ̀kùn Broadway sílẹ̀ fún Williams ń jẹ́. Èkejì, àwa náà ní àṣà fífi ẹ̀kú àti agọ̀ sín àjèjì jẹ. Ọ̀rọ̀ ojú tí a fi bo ojú kì í sì í ṣe àjèjì sí ẹni tí ó bá mọ eégún aláré.

Dàhòmì ní San Francisco

Ní ọdún 1893, Williams pàdé George Walker ní ìlú San Francisco. Ọmọ ìlú Lawrence ní ìpínlẹ̀ Kansas ni Walker. Àwọn méjèèjì di ẹnìkejì ara wọn nínú ẹgbẹ́ eléré kan, wọn kò sì yà títí àìsàn fi yà wọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1894, wọ́n ṣí ìpàtẹ ńlá kan ní ọgbà Golden Gate ní San Francisco. Lára àwọn ohun ìran tí wọ́n pèsè ni abúlé kan tí wọ́n pè ní abúlé àwọn ará Dàhòmì. Àwọn tí wọ́n fẹ́ fi hàn nínú abúlé náà kò tètè dé. Àwọn alábòójútó ìpàtẹ wá gba àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà láti dípò wọn. Williams àti Walker wà lára àwọn tí wọ́n gbà. Wọ́n fi awọ ẹran bora, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí ó ti Dàhòmì wá, àwọn òyìnbó sì ń san owó láti wò wọ́n. Nígbà tí àwọn tí à ń retí dé, wọ́n dá àwọn adípò dúró, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì yìí padà wá sí abúlé náà láti máa wo àwọn àlejò. Walker fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn yìí sínú ìwé ìròyìn tíátà kan ní ọdún 1906. Ó ní láti ibẹ̀ ni àwọn ti pinnu pé bí àwọn bá ní eré tiwọn lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ Áfíríkà ni àwọn yóò fi ṣe é.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1894 yìí kan náà ni Gbẹ̀háńzìn, ọba Dàhòmì, jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún àwọn Faransé, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbèkùn ní erékùṣù Martinique. Ní ilẹ̀ tiwa, orúkọ Dàhòmì kò tíì di ohun eré nígbà náà. Ẹ̀gbá ṣì rántí ogun ọdún 1851 àti ti 1864 ní ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta. Kétu, tí Dàhòmì fọ́ ní ọdún 1886, kò sì tíì gbàgbé. Orúkọ tí ń da oorun mọ́ àwọn ènìyàn lójú ní Kétu ni ó di ohun ìran tí à ń sanwó wò ní California. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ìran ọ̀hún kò sì mọ Dàhòmì rí.

Èdídí ìgò

Eré tí wọ́n ń pè ní minstrel ni Williams àti Walker bá nílẹ̀. Àwọn òyìnbó ni ó dá a sílẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọn a sun èdídí ìgò nínú iná títí yóò fi di èédú, wọn a lọ̀ ọ́ kúnná, wọn a fi omi pò ó, wọn a sì fi kun ojú àti ọrùn. Wọn a wá fi ọ̀dà funfun tàbí pupa ya ẹnu kí ó lè fẹ̀ ju ti ènìyàn lọ. Bí wọ́n bá ti kun ún tán, wọ́n di “adúláwọ̀”: ọ̀lẹ, olè adìyẹ, ajọ́bíwèrè. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní ọdún 1865, tí àwọn adúláwọ̀ gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀, ojú náà ti wà nílẹ̀ dè wọ́n. Òǹwòran ti mọ bí ó ṣe yẹ kí adúláwọ̀ rí ní orí ìtàgé. Àwọ̀ ara tí Ọlọ́run fún òṣèré kò tó wọn mọ́.

Williams ga, àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ràn ìwé kíkà, èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì gún régé. Èdè àwọn adúláwọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù tí ó ń sọ lórí ìtàgé, ńṣe ni ó kọ́ ọ bí ènìyàn ti í kọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè; òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Walker ni apanilẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì, Williams ni ń kọrin, òun náà ni ń gbe ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ní Detroit, ní nǹkan bí ọdún 1896, Williams dán kíkun ojú wò. Ẹ̀rín tí ó bọ́ sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn kọjá ohun tí wọ́n rò. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti pàṣípààrọ̀ ipò: Walker di aláfẹ́, olówó àfowórá, alárékérekè; Williams di ọ̀lọ́gẹ́dẹ́ tí bàtà rẹ̀ tóbi jù, tí orí rẹ̀ kò sunwọ̀n, tí gbogbo òfò ayé ń wá kiri. Nínú àròkọ kan tí Williams kọ ní ọdún 1918, ó ṣàlàyé pé ìgbà tí òun di ẹlòmíràn ni òun tó lè pa ẹ̀fẹ̀. Pé ìgbà tí òun lè máa wo ara òun láti òkèèrè bí ẹni ń wo ẹlòmíràn ni ọgbọ́n àwàdà ṣí sí òun.

Ẹni tí ó bá mọ eégún aláré yóò dá ọ̀rọ̀ yìí mọ̀. Abẹ́ agọ̀ ni òmìnira wà. Ẹni tí ń bẹ lábẹ́ aṣọ lè sọ ohun tí kò jẹ́ sọ ní ojú ara rẹ̀. Joel Adédèjì ti fi hàn nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn alárìnjó pé àwọn àjèjì wà nínú àwọn tí idán máa ń sín jẹ: Tápà, Gàm̀bàrí, Ìdáhòmì àti Òyìnbó. Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí irú rẹ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1826: wọ́n ṣeré níwájú Aláàfin, ọ̀kan nínú àwọn eléré sì jáde ní ìrí òyìnbó, ó ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, gbogbo ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń rẹ́rìn-ín. Clapperton wà níbẹ̀, ó ń wo bí a ti ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti yà kò kéré, a kò sì gbọdọ̀ fi ìfẹ́ àṣà wa bò ó mọ́lẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, onílé ni ó sín àlejò jẹ. Agbára wà lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣeré àti ẹni tí ń wò ó; bí eré bá tán, a óò ká aṣọ sínú àpò, kò sì sí ẹni tí yóò rò pé ọ̀dà funfun tí ó wà lójú idán ni ojú òṣèré gan-an. Ní Amẹ́ríkà, onílé ló ṣe ojú náà, ó sì ní kí àlejò fi í sín ara rẹ̀ jẹ. Bí Williams bá fọ ojú rẹ̀ tán tí ó jáde sí ìgboro, ojú tí àwọn òǹwòran rò pé àwọn rí lórí ìtàgé ṣì ń bá a lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1900, nígbà tí ìjà ẹ̀yà bẹ́ sílẹ̀ ní New York, àwọn èrò òyìnbó tí ń lu adúláwọ̀ kiri ń pariwo orúkọ àwọn òṣèré adúláwọ̀ tí wọ́n mọ̀, pé kí wọ́n mú wọn wá; orúkọ Williams àti Walker wà nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni wọ́n ń wá láti lù.

Louis Chude-Sokei, ọ̀mọ̀wé tí a bí ní Nàìjíríà, fi ohun kan kún àríyànjiyàn yìí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Ó ní a kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọmọ erékùṣù Caribbean ni Williams. Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe kì í ṣe òun. Ìyẹn ni pé ojú tí ó gbé wọ̀ jẹ́ ojú àjèjì fún un lọ́nà méjì. A gbà pẹ̀lú rẹ̀, àyàfi pé àwọn òǹwòran New York kò mọ ìyàtọ̀ náà, wọn kò sì bìkítà láti mọ̀ ọ́n.

Eré Dàhòmì ní Broadway

Ọdún 1896 ni Williams àti Walker kọ́kọ́ fojú kan Broadway, nínú eré kan tí kò pẹ́ tí ó fi kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n lo ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà ní gbọ̀ngàn Koster and Bial's, níbi tí ijó cakewalk wọn ti sọ wọ́n di ìlúmọ̀ọ́ká. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ èébú tí àwọn òyìnbó fi ń pe adúláwọ̀ polówó ara wọn, wọ́n ní àwọn ni ojúlówó. Ẹ̀fẹ̀ tí ó korò ni: bí òyìnbó bá ń fi ayédèrú adúláwọ̀ jẹun, kí ní ṣe tí adúláwọ̀ kò ní fi ti òótọ́ jẹ ẹ́?

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 1903, eré In Dahomey bẹ̀rẹ̀ ní New York Theatre ní Broadway. Will Marion Cook ni ó ṣe orin rẹ̀, Paul Laurence Dunbar tí í ṣe akéwì kọ ọ̀rọ̀ orin, Jesse Shipp sì kọ ìtàn rẹ̀. Òun ni eré olórin gígùn àkọ́kọ́ tí àwọn adúláwọ̀ kọ, tí àwọn adúláwọ̀ sì ṣe, ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Broadway. Ìwé ìròyìn New York Times ròyìn pé àwọn kan ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ìjà ẹ̀yà yóò ṣẹlẹ̀. Ìjà kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àjà òkè ni wọ́n kó àwọn òǹwòran adúláwọ̀ sí, àwọn òyìnbó sì gba ìsàlẹ̀.

Ìtàn eré náà kò ta kókó. Wọ́n bẹ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ayédèrú méjì lọ́wẹ̀ láti Boston kí wọ́n wá àpótí fàdákà kan tí ó sọnù; ẹni tí ó ni àpótí ni ààrẹ ẹgbẹ́ kan tí ó fẹ́ kó àwọn adúláwọ̀ padà sí Áfíríkà; wọ́n dé Florida, wọ́n sì dé Dàhòmì. Williams ni Shylock Homestead, Walker ni Rareback Pinkerton. Apá tí ó ṣẹlẹ̀ ní Dàhòmì kò pọ̀ nínú eré náà rárá. Kí a má tan ara wa, Dàhòmì tí wọ́n gbé sórí ìtàgé kì í ṣe Dàhòmì tí baba wa bá jà. Kò sí Àgbọ́mẹ̀ níbẹ̀, kò sí vodun, kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin bí ó ti rí gan-an. Síbẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Eré minstrel kò mọ ibòmíràn tí adúláwọ̀ ti wá ju oko òwú lọ. Eré yìí sọ fún òǹwòran pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ìlú, wọ́n ní ọba, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n lè padà sí bí wọ́n bá fẹ́. Ó fi ẹ̀fẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

Ìgbà mẹ́tàléláàádọ́ta ni wọ́n ṣe eré náà ní Broadway. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1903 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Shaftesbury Theatre, ó sì tó oṣù méje kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹfà, wọ́n ṣe é ní ààfin Buckingham fún ọjọ́ ìbí ọmọ ọmọ ọba. Aida Overton Walker, aya Walker, ni ọ̀gá oníjó ẹgbẹ́ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ tó bébà kan gédégbé, ó sì dùn wá pé a kò lè ṣe ju kí a dárúkọ rẹ̀ lọ níhìn-ín.

Eré méjì tẹ̀ lé e: Abyssinia ní ọdún 1906, nínú èyí tí Menelik ọba Etiópíà ti jáde, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ó ṣẹ́gun àwọn ará Ítálì ní Adwa, àti Bandanna Land ní ọdún 1908. Nínú ẹgbẹ́ tí ó ṣe Abyssinia ni Charles Gilpin wà, ẹni tí yóò wá kó ipa olú ẹ̀dá-ìtàn nínú The Emperor Jones tí Eugene O'Neill kọ ní ọdún 1920. Èyí ṣe pàtàkì. Ẹgbẹ́ Williams àti Walker kì í ṣe ẹgbẹ́ eléré lásán. Ilé ẹ̀kọ́ ni fún àwọn òṣèré, olórin, oníjó àti aránṣọ tí kò sí gbọ̀ngàn mìíràn ní Broadway tí yóò gbà wọ́n wọlé láti ẹnu ọ̀nà iwájú.

Ọ̀kan ṣoṣo láàárín ogunlọ́gọ̀

Ní àkókò Bandanna Land ni àìsàn mú Walker. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1909, ó fi ìtàgé sílẹ̀. Ó kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1911. Ernest Hogan ti kú ní ọdún 1909, Bob Cole náà sì kú ní ọdún 1911. Láàárín ọdún méjì ààbọ̀, àwọn ọ̀gá tí ń darí eré adúláwọ̀ ní Broadway fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Williams dá nìkan gbé eré kan jáde ní ọdún 1909, kò pẹ́. Walker ni ó mọ ọ̀rọ̀ owó àti ìdúnàádúrà, òun ni í bá àwọn onígbọ̀wọ́ òyìnbó jiyàn. Williams jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́.

Ní ọdún 1910, Florenz Ziegfeld pè é sínú Follies, eré ọdọọdún tí ó gbayì jù ní New York. Kò sí adúláwọ̀ mìíràn nínú rẹ̀. Àwọn òṣèré òyìnbó kan halẹ̀ pé àwọn yóò kúrò bí ó bá wọlé; Ziegfeld dá wọn lóhùn pé òun lè rí arọ́pò fún ẹnikẹ́ni nínú wọn, kì í ṣe fún Williams. Wọ́n ṣe àdéhùn pé kò ní dá wà lórí ìtàgé pẹ̀lú obìnrin òyìnbó, àti pé kò ní bá wọn rin ìrìn-àjò dé ìpínlẹ̀ gúúsù. Williams fúnra rẹ̀ fẹ́ èyí, nítorí ó mọ ohun tí wọ́n lè ṣe fún un níbẹ̀. Ní orí òrùlé New York Theatre ni wọ́n ti ṣe Follies ọdún náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka bébà yìí yóò rántí gbọ̀ngàn náà: ibẹ̀ ni In Dahomey ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún méje sẹ́yìn. Ó ti gun òkè ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá a gùn ún.

Àwọn ìwé ìròyìn adúláwọ̀ kan bínú. Wọ́n ní ó ti fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀. Ní òdìkejì, Booker T. Washington sọ ní ọdún kan náà pé iṣẹ́ tí Williams ṣe fún ìran adúláwọ̀ ju tòun lọ. Lójú tiwa, àwọn tí ó bínú rí ohun kan tí Washington kò rí. Láti ìgbà tí Williams ti wọ Follies títí di ọdún 1921 tí Shuffle Along bẹ̀rẹ̀, eré olórin àwọn adúláwọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní Broadway. Ṣùgbọ́n wọn kò béèrè ìbéèrè tí ó yẹ: ta ni ì bá gbọ̀wọ́ fún ẹgbẹ́ mìíràn? Owó kò sí lọ́wọ́ àwọn adúláwọ̀ láti kọ́ gbọ̀ngàn ní Broadway. Àwọn onígbọ̀wọ́ òyìnbó sì ti rí i pé ẹnì kan ṣoṣo náà tó àwọn.

Ohun tí ó ṣe nínú ojú náà kò gbọdọ̀ ṣí wa lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó gbayì jù ní àkókò yìí ni eré aláìfọhùn kan, níbi tí ó ti ń dá ta káàdì, tí ó ń ṣe gbogbo àwọn tí ó jókòó yí tábìlì ká. Ojú àti ìka nìkan ni ó fi ń ṣe é: ìfura, ìrètí, irọ́, àti ìṣẹ́jú tí ẹni tí ó pàdánù mọ̀ pé òun ti pàdánù. Kò sí òmùgọ̀ nínú rẹ̀, ènìyàn ni ó wà níbẹ̀. W. C. Fields, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nínú Follies, sọ pé nínú àwọn tí òun rí, òun ni ó pani lẹ́rìn-ín jù. Nínú àwọn tí òun mọ̀, òun ni ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n ti fi gbólóhùn yìí kọ orin títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di gbogbo ohun tí ayé mọ̀ nípa Williams. A kò fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí ìbànújẹ́ kò ṣàlàyé ọgbọ́n iṣẹ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1919, àwọn òṣèré New York yan iṣẹ́ lódì. Kò sí ẹni tí ó sọ fún Williams, nítorí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn. Ó dé gbọ̀ngàn ní ìrọ̀lẹ́, ó kun ojú rẹ̀, ó wọ aṣọ eré, ó jáde sí orí ìtàgé. Gbogbo ibẹ̀ ṣófo. Ó padà wọlé, ó fọ ojú rẹ̀, ó lọ sílé. Fields ni ó wá gbìyànjú lẹ́yìn náà kí wọ́n gbà á sínú ẹgbẹ́.

Ó fi Follies sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún náà. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 1922, nínú eré tirẹ̀ kan tí wọ́n ń gbé kiri kí wọ́n tó mú un dé Broadway, ó ṣubú lórí ìtàgé ní Detroit. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó kú.

Ẹ̀rí kan tí àwọn òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ nípa Williams kò rí lò ti wà lọ́wọ́ wa báyìí. Ní ọdún 1913, ó ṣe sinimá kan pẹ̀lú àwọn òṣèré adúláwọ̀ fún ilé-iṣẹ́ Biograph. Wọn kò parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé àkójọ Museum of Modern Art ní New York pa àwọn àwòrán náà mọ́, wọ́n sì fi wọ́n han gbogbo ènìyàn ní ọdún 2014. Nínú rẹ̀, Williams nìkan ni ó kun ojú. Àwọn yòókù, ọkùnrin àti obìnrin, wọ aṣọ ọ̀ṣọ́, wọ́n ń jó, wọ́n ń fẹ́ ara wọn sọ́nà, ojú ara wọn ni wọ́n sì fi ṣe é. Àwọn onímọ̀ kan rí èyí bí ìdúnàádúrà: pé bí ẹni tí ó lórúkọ jù bá gbé ojú tí òyìnbó ń bèèrè wọ̀, àwọn tí ó kù lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìran tí wọ́n yà láàárín eré náà kò sí lára ìtàn, ibi tí àwọn òṣèré ti dúró de ìgbà tí wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ ni. Williams wà láàárín wọn pẹ̀lú ojú kíkùn náà, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ sì ń yà á lọ.